Ta ni Grace Hopper, obìnrin tó kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣe àdàkọ kóòdù?

Kò sí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lónìí tó ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ láti orí òfo. Tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ to orúkọ tẹ̀léra tàbí kó ṣírò èlé orí owó, kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ, tí wọ́n ti dán wò, ló máa mú. Tí iṣẹ́ náà bá wá kọ̀ tí ò lọ, á ní kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò náà kiri.

Àṣà méjèèjì yìí, ìyẹn lílo kóòdù tó ti wà nílẹ̀ àti wíwá kòkòrò inú kóòdù, gba ọwọ́ obìnrin ará Amẹ́ríkà kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Grace Hopper lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọ̀gágun ojú omi ni, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ètò fún kọ̀ǹpútà láyé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1992 ló kú, lẹ́ni ọdún 85. Àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe ò tíì kúrò nílẹ̀.

Aago méje tó tú palẹ̀

Ìlú New York ni wọ́n ti bí Grace Brewster Murray, lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1906. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ adójútòfò ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ràn ìṣirò.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó fẹ́ mọ bí aago tó ń jí èèyàn lójú oorun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó tú ọ̀kan, kò rí i tò padà. Ó mú òmíì kó lè fi wo bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí, ó tú ìyẹn náà. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tó fi tú aago méje palẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí àṣírí tú, ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe ni pé ó fi aago kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un láti máa tú, kí àwọn tó kù lè rí ìsinmi.

Ó lọ sí Vassar College, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìṣirò àti físíìsì lọ́dún 1928. Yunifásítì Yale ló tún gbà lọ. Ó gba oyè másítà níbẹ̀ lọ́dún 1930, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò lọ́dún 1934, lásìkò tí obìnrin tó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ọdún 1930 yẹn náà ló fẹ́ Vincent Hopper. Wọn ò bímọ, wọ́n sì tú ká lọ́dún 1945, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ náà ló jẹ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀.

Ogun dé, wọ́n ní kò sanra tó

Lóṣù Kejìlá ọdún 1941, orílẹ̀-èdè Japan kọlu Pearl Harbor, Amẹ́ríkà sì kó sínú Ogun Àgbáyé Kejì. Hopper ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Vassar nígbà yẹn. Ó lóun fẹ́ wọṣẹ́ ológun ojú omi, iṣẹ́ tí ọ̀kan lára àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣe dépò ọ̀gágun.

Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní iṣẹ́ ìṣirò tó ń kọ́ àwọn èèyàn ti wúlò fún ìlú tó. Wọ́n tún gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n rí i pé ó fi bíi kílò méje dín sí iye tí òfin wọn ń béèrè. Obìnrin yìí ò gbà. Ó lọ síwájú, ó lọ sẹ́yìn, títí wọ́n fi yọ̀ǹda fún un, ó sì wọṣẹ́ náà lóṣù Kejìlá ọdún 1943. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun lọ́dún 1944, òun ló ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 51

Yunifásítì Harvard ni wọ́n rán an lọ lóṣù Keje ọdún 1944. Ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mark I wà níbẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 51, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó sì wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún. Howard Aiken, ẹni tó ronú ẹ̀rọ náà, ni ọ̀gá ibẹ̀. Èèyàn tó le bí ojú ẹja ni. Bí Hopper ṣe dé ni Aiken fi ẹ̀rọ hàn án, ó gbé ìwé kóòdù lé e lọ́wọ́, ó sì fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré láti gba ìdáhùn ìṣirò kan jáde. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, Richard Bloch àti Robert Campbell, ló ràn án lọ́wọ́ tó fi mọ iṣẹ́ náà.

Mark I ò ní ojú tí èèyàn lè máa wo ọ̀rọ̀ lára rẹ̀ bíi ti kọ̀ǹpútà òde òní. Tépù oníwèé ni wọ́n ń lu ihò sí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àyè fún ihò 24, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àṣẹ kan. Ẹ̀rọ náà á ka ìlà kan, á ṣe ohun tí ìlà náà wí, á wá bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìròpọ̀ mẹ́ta ló lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀, ó ń gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Tí ihò kan bá ṣì bọ́ síbi tí kò yẹ, ìdáhùn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àṣìṣe níbẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí ogun ń lọ lọ́wọ́. Lára iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni ìṣirò ibi tí ọta ìbọn ńlá inú ọkọ̀ ogun máa balẹ̀ sí. Lọ́dún 1944 yẹn kan náà, gbajúmọ̀ onímọ̀ ìṣirò John von Neumann gbé iṣẹ́ kan wá bá wọn. Wọn ò sọ fún àwọn tó ń kọ ètò ẹ̀rọ náà pé iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì ni.

Hopper tún ni wọ́n ní kó kọ ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Ìwé ọ̀hún, tó jáde lọ́dún 1946, lé ní 500 ojú ìwé. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, àpẹẹrẹ àṣẹ tí èèyàn lè fún un sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwé kékeré tí wọ́n ń yá ara wọn

Láàárín àwọn èèyàn díẹ̀ yìí ni àṣà kan ti hù. Tí ẹnì kan nínú wọn bá kọ abala kóòdù tó ṣiṣẹ́ dáadáa, bíi èyí tó ń ṣírò sine tàbí logarithm, kì í jù ú nù. Inú ìwé kékeré rẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá nílò irú rẹ̀, á ní kí ẹni yẹn yá òun ní ìwé rẹ̀, á sì da kóòdù náà kọ sínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun tí àwọn olùkọ kóòdù ń ṣe lónìí náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń yá a báyìí. Ọ̀nà náà ń dín wàhálà kù lóòótọ́. Ẹni tó bá ti fi ọ̀sẹ̀ kan jà pẹ̀lú ìṣirò kan, ẹlòmíì ò tún ní láti lo ọ̀sẹ̀ kan sí i lórí rẹ̀. Àmọ́ kọ́ńdọ́rọ́ kan wà nínú rẹ̀, Hopper ló sì máa rí ojútùú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Àfòpiná inú Mark II

Kó tó di ìgbà yẹn, ìṣẹ̀lẹ̀ kan wáyé tó sọ orúkọ wọn di ńlá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, Mark II, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé Mark I, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège ní Harvard. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ibì kan dé ibòmíì títí wọ́n fi dé páńẹ́ẹ̀lì F. Ibẹ̀ ni relay tó jẹ́ nọ́ńbà 70 wà, ìyẹn súwíìṣì kékeré tí iná ń ṣí, tó sì ń pa. Òkú àfòpiná kan há sáàárín rẹ̀.

Yorùbá ní àfòpiná tó lóun á pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Èyí tó wọ Mark II pa ara rẹ̀, ó sì dá iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró pẹ̀lú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ò kàn gbá kòkòrò náà dànù. Wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kọ àkókò sí i, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti bá a. Wọ́n wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fojú rí kòkòrò gan-an nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé Hopper ló mú àfòpiná náà, àti pé òun ló kọ́kọ́ pe àṣìṣe inú ẹ̀rọ ní kòkòrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí i. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bíi Thomas Edison ti ń pe àléébù inú ẹ̀rọ ní kòkòrò. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá tíì wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀, yẹ̀yẹ́ inú ìwé yẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Hopper ló sọ ìtàn náà káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún tí gbogbo ayé fi gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń wá àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà lónìí, ohun mẹ́ta yẹn náà ló máa kọ sílẹ̀: àkókò tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó di dandan kó tún wá a lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí nǹkan ò rọgbọ

Ogun ti parí nígbà yẹn. Hopper ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa bá iṣẹ́ ológun lọ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ gidi, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ò gbà á. Ó dúró sí Harvard fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kò sí ipò tó máa wà títí fún obìnrin níbẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú. Ó ń mu ọtí lámujù lásìkò náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ̀rù pé ó lè ba ayé ara rẹ̀ jẹ́.

Lọ́dún 1949, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Philadelphia. Iléeṣẹ́ kékeré kan tí John Eckert àti John Mauchly dá sílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà tuntun kan tó ń jẹ́ UNIVAC lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ Remington Rand ra iléeṣẹ́ náà lọ́dún 1950, Hopper sì bá wọn lọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i láàárín àsìkò yẹn tó jọ àwàdà. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé ìdì mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kà á, dípò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Hopper kọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, ìṣirò owó rẹ̀ ní báńkì ò bá ti báńkì mu mọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń fi ìdì mẹ́jọ ṣe ìyọkúrò láwọn ibì kan. Látìgbà náà ló ti gbà pé kò yẹ kí èèyàn máa ronú bí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n kọ́ kó lè gbọ́ ti èèyàn.

Bí compiler ṣe dé

Àṣà ìwé kékeré tẹ̀ lé wọn dé Philadelphia. Àmọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni kọ́ńdọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀ ń hàn. Hopper kíyè sí i pé ohun méjì ni àwọn tó ń kọ ètò ò lè ṣe dáadáa: wọn ò mọ ìròpọ̀ ṣe, wọn ò sì mọ ọ̀rọ̀ dà kọ.

Ti ìròpọ̀ wá báyìí. Abala kóòdù kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé ní nọ́ńbà lórí ìlà rẹ̀, láti òdo lọ sókè. Tí wọ́n bá gbé e sáàárín iṣẹ́ ńlá, gbogbo nọ́ńbà yẹn ló gbọ́dọ̀ yí padà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ilé mẹ́wàá, láti nọ́ńbà kìíní dé ìkẹwàá, lọ sí òpópónà tó ti ní ilé 50 tẹ́lẹ̀. Ilé kìíní á di ìkọkànléláàádọ́ta. Ẹni tó bá ń wá ilé kẹta gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ti di ìkẹtàléláàádọ́ta. Nínú ìròpọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ti àdàkọ náà tún wà. Àmì delta tí ẹnì kan kọ sínú ìwé, ẹlòmíì á kà á sí 4. Lẹ́tà B á di 13. Kóòdù tó dára nínú ìwé olówó rẹ̀ á wá di ìjàngbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó yá a.

Hopper bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Ìròpọ̀ àti àdàkọ, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà nìyẹn? Kí ló dé tí èèyàn fi ń ṣe é?

Láàárín ọdún 1951 sí 1952, ó kọ ètò kan tó pè ní A-0. Ó kó gbogbo abala kóòdù tí wọ́n ti dán wò sórí tépù, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ò ní da nǹkan kan kọ mọ́. Á kàn to nọ́ńbà àwọn abala tó fẹ́ tẹ̀léra, pẹ̀lú ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á lọ sínú àká, á mú wọn jáde, á ṣàtúnṣe àdírẹ́sì wọn, á sì dà wọ́n kọ sójú kan láìṣì. Nítorí pé ó ń kó wọn jọ ló ṣe pè é ní compiler. Èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe yìí ò tíì ṣe gbogbo ohun tí compiler òde òní ń ṣe, àmọ́ orúkọ náà ò yí padà títí dòní.

Ìṣòro kan dí i lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Tí kóòdù bá fẹ́ fò padà sẹ́yìn, ó rọrùn, torí ẹ̀rọ ti kọjá ibẹ̀, ó mọ àdírẹ́sì rẹ̀. Tó bá fẹ́ fò síwájú ńkọ́, síbi tí wọn ò tíì kọ? Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó máa ń gbá nígbà tó wà ní Vassar ló rán an létí ọgbọ́n kan. Lábẹ́ òfin eré àwọn obìnrin nígbà náà, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè gbé e sáré. Ńṣe ló máa jù ú sí ẹnì kejì rẹ̀, òun á sáré lọ síwájú, ìyẹn á sì jù ú padà sí i. Hopper ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ya igun kan sọ́tọ̀ ní ìparí ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ. Kóòdù tó fẹ́ fò síwájú á fò lọ sí igun náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá dé ibi tó ń wá, á fi àdírẹ́sì ibẹ̀ sínú igun yẹn, ọ̀nà á sì là.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 1952, ó ka ìwé lórí iṣẹ́ yìí níwájú àwọn onímọ̀ ní ìlú Pittsburgh. Àwọn kan ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀, pé kò lè kọ ètò fún ara rẹ̀. Ó ní compiler tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn èèyàn tó gbà láti lò ó.

Lọ́dún 1953, nígbà tí A-2 tó tẹ̀ lé A-0 jáde, wọ́n fún àwọn oníbàárà ní kóòdù inú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá rí ibi tó yẹ ní títúnṣe tún un ṣe, kó fi ránṣẹ́ padà. Ìwé kékeré tí èèyàn mẹ́ta ń yá ara wọn nígbà kan ti wá di ohun ìní gbogbo agbo.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń sọ ló fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́

Hopper ò dúró síbẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ owó oṣù àti ọjà inú sítóò ò fẹ́ràn àmì ìṣirò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Kó lè fi hàn wọ́n pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ó kọ ètò kékeré kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún kọ ọ́ ní Faransé àti ní Jámánì. Ohun tó fẹ́ kí wọ́n rí ni pé àmì lásán ni ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ẹ̀rọ, èdè yòówù kó jẹ́. Jìnnìjìnnì bo àwọn ọ̀gá náà. Lójú tiwọn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, báwo ló ṣe máa gbọ́ Faransé àti Jámánì? Ó wá fi yé wọn pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan làwọn máa lò, ọkàn wọn sì balẹ̀. Tó bá jẹ́ Yorùbá ló fi kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ò ní jiyàn, èèyàn nìkan ló máa jiyàn.

Iṣẹ́ yẹn ló bí FLOW-MATIC. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà àtàwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà pàdé ní Pentagon lóṣù Karùn-ún ọdún 1959 láti ṣe èdè kan ṣoṣo tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa gbọ́, FLOW-MATIC wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. COBOL lorúkọ èdè tuntun náà. Àwọn kan máa ń sọ pé Hopper nìkan ló ṣe COBOL. Ìgbìmọ̀ ló ṣe é, òun sì jẹ́ olùdámọ̀ràn fún wọn.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1960, wọ́n mú ètò COBOL kan náà, wọ́n fi dán kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ méjì tó ń bára wọn díje wò, UNIVAC II àti RCA 501. Ó ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Látọjọ́ yẹn, ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀ pé kò pọn dandan kóun da gbogbo iṣẹ́ òun nù. Títí di òní, àwọn báńkì ńlá àti iléeṣẹ́ ìjọba kan ṣì ń lo COBOL.

Wọ́n ní kó lọ sinmi, wọ́n tún pè é padà

Ní gbogbo àsìkò yìí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ń dúró de ìpè. Ìparí ọdún 1966 ni wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì. Oṣù méje lẹ́yìn náà, wọ́n tún ránṣẹ́ pè é fún oṣù mẹ́fà. Ohun tó dé ni pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń sọ COBOL tirẹ̀, kóòdù ibì kan ò ṣiṣẹ́ níbòmíì mọ́. Hopper ló kó wọn padà sójú kan. Oṣù mẹ́fà yẹn di ọdún mọ́kàndínlógún.

Lásìkò yìí ló di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olùkọ́. Ó máa ń gé wáyà tó gùn díẹ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà kan, á pín in fún àwọn tó wá gbọ́rọ̀ rẹ̀. Gígùn wáyà náà ni ibi tí iná mànàmáná lè rìn dé jù lọ láàárín nanosecond kan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Fún microsecond, tó fi ẹgbẹ̀rún ju ìyẹn lọ, ó ní òkìtì wáyà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 984. Tí ọ̀gágun kan bá bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ tí wọ́n rán gba sátẹ́láìtì fi ń pẹ́, á fi wáyà hàn án. Á ní kó ronú iye irú rẹ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ àti ojú ọ̀run. Ó fẹ́ kí àwọn olùkọ kóòdù náà mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣòfò tí wọ́n bá fi microsecond tàfàlà.

Aago tó ń yí sẹ́yìn wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó fúngbà díẹ̀ á rí i pé àkókò ṣeé kà lára rẹ̀ bíi ti aago yòókù. Ohun tó ń bá jà ni àṣà kí èèyàn máa sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyí.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 1986 ló fẹ̀yìn tì pátápátá, nínú ọkọ̀ ojú omi USS Constitution ní Boston, pẹ̀lú ipò Rear Admiral. Ẹni ọdún 79 ni, kò sì sí ọ̀gá ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tó dàgbà tó o. Ó gba iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Digital, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún 1992. Itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington ni wọ́n sin ín sí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun kan, USS Hopper. Lọ́dún 2016, Ààrẹ Barack Obama fi àmì ẹ̀yẹ Presidential Medal of Freedom dá a lọ́lá. Lọ́dún 2017, Yale yọ orúkọ John Calhoun, olóṣèlú tó gbè sẹ́yìn níní ẹrú, kúrò lára ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, wọ́n sì fi ti Grace Hopper rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ ò lè bá èèyàn ṣe

Compiler gba àṣìṣe àdàkọ kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń da nǹkan kọ láìṣì, tí àṣìṣe bá ti wà nínú ohun tí wọ́n gbé fún un, á da àṣìṣe náà kọ láìṣì pẹ̀lú.

Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni gbogbo ayé rí èyí kedere. Abala kóòdù kan wà tó ń jẹ́ Log4j, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò sílẹ̀ lọ, bíi ìwé àkọsílẹ̀ ti Mark II. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára, nítorí náà àìmọye iléeṣẹ́ ló ti mú un lò. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé ihò kan wà nínú rẹ̀ tí olè lè gbà wọlé. Ihò kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n gbé kóòdù náà dé ló wà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí àwọn tó bá Hopper ṣiṣẹ́ ní Harvard. Wọ́n wá ibi tí àṣìṣe náà wà. Wọ́n tún un ṣe lójú kan, sínú àká, kí ẹnikẹ́ni lè mú èyí tó dára níbẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, CVE-2021-44228, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa tún un wá. Ìwé tí wọ́n lẹ àfòpiná mọ́ lọ́dún 1947 náà ò sọnù. Ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní ìlú Washington, àfòpiná náà sì ṣì wà lójú ìwé tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.